Pátákó Etí Irà

Wọ́n kan ìṣó mẹ́rin mọ́ igi ẹ̀gbà láyà
kí wọ́n tó kọ ọ́ sára pátákó pé ká má ṣe igi léṣe.
Èmi ni mo di àkàbà mú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, omi ọ̀sà ti fà sẹ́yìn,
ẹrẹ̀ Bàyékù ń rùn bí ẹyin tó ti pẹ́ lábẹ́ adìẹ.
Mùsíbáù, akọ̀wé káńsù, wọ bàtà òjò tó ga dé orúnkún;
ti ọ̀tún wọ irà, kò bá a jáde mọ́.
Ọmọdé mẹ́ta ló fà á yọ, gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín.
Òun náà rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín yẹn ni mo fi gbà láti gbọ́ tirẹ̀.

Nítorí n kò fẹ́ gbọ́.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi igi ẹ̀gbà yan ẹja,
igi tí í jó wọ́ọ́rọ́wọ́, tí í fún èpìyà láwọ̀ wúrà àtijọ́.
Òun ló san owó ilé-ìwé Kúdírátù,
òun ló kan páànù sórí mi.
Ẹ wá ní kí n máa kí i lókèèrè bí àna?

Mo bi í léèrè lójú ìpàdé, nínú àgbàlá Baálẹ̀:
"Ọkọ̀ tí ń fa yanrìn lóru ńkọ́, akọ̀wé?
Ẹ̀rọ rẹ̀ ń hanrun títí ilẹ̀ fi ń mọ́.
Ṣé òun náà mọ̀wé kà?"
Kò dáhùn kíá. Ó ṣí fìlà, ó tún un dé.
"Ìyá, ìwé ìyẹn ti lọ sí ọ́fíìsì tó ju tèmi lọ.
Igi yìí ni ọwọ́ mi tó."

Bàbá Rúfáì, tó ti ń dẹ ìgèrè kí wọ́n tó bí mi,
dìde, ó na ọ̀pá sí ọ̀sà:
ó ní ibi tí gbòǹgbò ẹ̀gbà ti tẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn,
ibẹ̀ ni edé ń yé sí;
ó ní ìgèrè òun ń kún dẹ́nu tẹ́lẹ̀,
nísinsìnyí, ọ̀rá ni òun ń kó: ọ̀rá omi, ọ̀rá búrẹ́dì,
ọ̀rá tí kò mọ odò, tí odò kò mọ̀.
Ó jókòó. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́.
Mo ka ọdún lórí ìka mi:
ọdún tí ẹja mi bẹ̀rẹ̀ sí í kéré,
ọdún tí kùkùté bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀.
Ìka kan náà ni.

Báyìí la ṣe pààlà: láti ibi ọkọ̀ Lásísì tó ti jẹrà
dé ẹnu ìṣàn kékeré, àáké kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ fọ́dún márùn-ún.
Káńsù gbé àrò onírin méjì wá, tí kì í jẹ igi púpọ̀.
Ọ̀kan ti wó. Mo fẹ́ràn èkejì, n kò ní purọ́.
Láàárọ̀ Sátidé, a ń ki èso ẹ̀gbà bọ ẹrẹ̀,
irínwó la gbìn; akàn jẹ díẹ̀,
ewúrẹ́ Sàfúrátù jẹ púpọ̀.

Mo tún gé igi kan lóru. Ẹ̀ẹ̀kan péré.
Ọwọ́ mi mọ ọ̀nà ju orí mi lọ.
Mo lọ sọ fún Mùsíbáù fúnra mi, ó ní kí n gbin ogún.
Mo gbin ọgbọ̀n.

Òjò ọdún kejì fọ lẹ́tà pátákó nù.
"Ẹ MÁ" nìkan ló kù, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń kọ̀.
Káńsù ò rówó ọ̀dà. Wọ́n ti gbé Mùsíbáù lọ sí ibòmíràn.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ Kúdírátù mú èédú nínú àrò mi,
ó ní, "Màmá, kí ni kí n kọ?"
Mo ní kó kọ èyí tí a bá láyé:
ẹni tó bá ń gé igi nígbó, kó fọ̀rọ̀ ro ara rẹ̀ wò.
Kò gba ojú pátákó. "Gé igi" àti "ara rẹ̀" ló hàn jù.

Ìṣó mẹ́rin náà ṣì wà níbẹ̀.
Èèpo igi ti ń hù bò wọ́n díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ mì.